Ta Ni Ó Ń San Owó Ìwé Tí Kò Bá Olúwa Rẹ̀? Ìtàn Ìnáwó Lórí Lẹ́tà Òwò Tí Kò Dé Ibi Tí A Rán An

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí tọpa ìbéèrè kan nínú ìtàn ìfìwéránṣẹ́: ta ni ó yẹ kí ó san owó iṣẹ́ tí a ṣe lórí ìwé tí kò bá olúwa rẹ̀, yálà a dá a padà ni tàbí a tún un darí sí ibòmíràn? Ó ṣàyẹ̀wò àṣà ìránṣẹ́ àti àrokò ní ilẹ̀ Yorùbá, àtúnṣe ọdún 1840 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dead Letter Office ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àdéhùn Bern ti ọdún 1874, àti òfin tí ó de lẹ́tà òwò ní Amẹ́ríkà lóde òní. Ó gbé ìrìnàjò ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ, láti 1899 sí 1921, yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ láti inú ìtàn Yorùbá. Àbájáde rẹ̀ ni pé owó iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́rùn olùgbà, ó bọ́ sọ́rùn ilé ìfìwéránṣẹ́, ó sì ń padà sọ́rùn ẹni tí ó rán ìwé. Ṣùgbọ́n àdánù ohun tí ó wà nínú ìwé kò kúrò lọ́rùn ẹni tí ó nílò rẹ̀ rí.

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni òwe yìí kọ́kọ́ jẹ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó náà fara pamọ́ sínú rẹ̀. Bí ìránṣẹ́ bá dé ibi tí a rán an, tí kò sì bá ẹni tí ó wá, ó ti rìn ná. Ó ti jẹun lójú ọ̀nà, ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ, ọ̀nà àbọ̀ sì ń bẹ níwájú rẹ̀. Ìnáwó ti ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ iṣẹ́ tí a rán. Bí wọ́n bá wá sọ fún un pé ẹni náà ti kó lọ sí ìlú kejì, tí ó sì tẹ̀ síwájú láti lọ bá a níbẹ̀, ìnáwó kejì ti gorí ti àkọ́kọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ ṣe rí ni ti lẹ́tà ṣe rí. Lẹ́tà tí ó dé ibi tí a kọ sí ara rẹ̀ ń rin ọ̀nà kan ṣoṣo. Èyí tí kò bá olúwa rẹ̀ ń rin ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta: òṣìṣẹ́ kan yóò yẹ̀ ẹ́ wò, òmíràn yóò kọ ìdí tí kò fi ṣeé fi jíṣẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹlòmíràn yóò sì tún un yà sọ́tọ̀ fún ìrìnàjò mìíràn. Lẹ́tà òwò ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ohun tí à ń pè ní lẹ́tà òwò níhìn-ín ni ìwé tí oníṣòwò, ilé ìfowópamọ́, ilé ìtẹ̀wé tàbí ilé iṣẹ́ fi ń bá àwọn oníbàárà àti alábàáṣe wọn sọ̀rọ̀: ìwé owó ọjà, ìwé ẹ̀rí ìsanwó, ìwé ìpolówó, àdéhùn, àti ẹ̀dà ìwé tí òǹkọ̀wé fi ránṣẹ́ fún títẹ̀. Oníṣòwò máa ń rán irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, ó sì máa ń rán an sí àwọn ènìyàn tí kò bá pàdé rí. Nítorí náà, bí àwọn oníbàárà bá ṣí ibùgbé padà, ọ̀pọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ni yóò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni mẹ́ta ni a lè di ẹrù ìnáwó yìí lé lórí: olùgbà, ilé ìfìwéránṣẹ́ fúnra rẹ̀, tàbí ẹni tí ó kọ ìwé. Ìtàn fi hàn pé a ti di í lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti pé ẹni tí ẹrù náà bá wà lórí rẹ̀ ni ìṣe rẹ̀ máa ń yí padà.

2. Ìránṣẹ́, àrokò àti ẹni tí ó ń bọ́ wọn

Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹnu ìránṣẹ́ àti àrokò ni a fi ń rán iṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Owó ẹyọ tí a sín sí okùn, ìyẹ́ ẹyẹ, awọ ẹran tàbí àwọn nǹkan mìíràn ni a máa ń dì pọ̀, tí iye wọn àti bí a ṣe kọjú wọn síra wọn sì ní ìtumọ̀. Ẹni tí ó gbé àrokò lè má mọ ohun tí ó gbé. Èyí mú kí àrokò jọ lẹ́tà tí a lẹ̀ pa: iṣẹ́ ẹni tí ó gbé e ni kí ó mú un dé, kì í ṣe kí ó túmọ̀ rẹ̀.

Kò sí owó ìfìwéránṣẹ́ nínú ètò yìí, ṣùgbọ́n ìnáwó wà níbẹ̀. Onílé tí ìránṣẹ́ wọ̀ sí ni ó ń fún un ní oúnjẹ àti ibi tí yóò sùn. Nígbà tí ìránṣẹ́ bá jẹ́ ti ọba ńlá, ìnáwó náà a máa wúwo. Àwọn ìlàrí Aláàfin, tí a fi orí wọn tí a fá lápá kan dá mọ̀, ń rìn lọ sí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, ìlú tí wọ́n bá sì wọ̀ ni ó ń tọ́jú wọn. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí a rán iṣẹ́ sí ni ó ń san owó iṣẹ́, yálà iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn tàbí kò dùn mọ́ ọn. Ẹni tí ó rán ìránṣẹ́ kò ní ìdí pàtàkì láti dín iye ìgbà tí ó ń ránṣẹ́ kù, nítorí kì í ṣe abà tirẹ̀ ni a ti ń mú iṣu tí ìránṣẹ́ ń jẹ. Irú ètò kan náà, nínú aṣọ mìíràn, ni ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ọdún 1840.

3. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: nígbà tí olùgbà ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, olùgbà ni ó sábà máa ń san owó lẹ́tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọ̀nà ṣe jìn tó àti iye abala ìwé tí ó wà nínú rẹ̀ ni a fi ń díwọ̀n owó náà. Lẹ́tà abala kan láti London sí Edinburgh ń gba ṣílè 1 àti pẹ́nì 1½, owó tí ó pọ̀ fún tálákà. Nígbà tí ẹni tí ó ń kó lẹ́tà kiri bá dé ẹnu ọ̀nà, olùgbà lè yẹ ara lẹ́tà wò, kí ó ní òun kò gbà á. Lẹ́tà náà yóò padà sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ti gbé e gba ọ̀nà jíjìn lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sì tún gbé e padà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìtàn kan wà tí a máa ń sọ mọ́ orúkọ akéwì Samuel Taylor Coleridge. Wọ́n ní ó rí obìnrin kan tí ó kọ̀ láti gba lẹ́tà tí arákùnrin rẹ̀ kọ sí i nítorí kò ní owó. Coleridge ṣàánú rẹ̀, ó bá a sanwó. Nígbà tí olùgbé-lẹ́tà lọ tán, obìnrin náà fi hàn án pé kò sí ohun kankan nínú lẹ́tà náà. Arákùnrin rẹ̀ ti bá a ṣàdéhùn pé òun yóò máa rán ìwé òfìfo sí i láti fi hàn pé ara òun le. Bí ó bá ti rí i, yóò dá a padà. Ẹni tí ó mọ àrokò yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé àrokò ni obìnrin náà gbà. Ìwé òfìfo ti jíṣẹ́ kí ó tó padà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ nìkan ni ó fi gbogbo rẹ̀ ṣòfò.

Rowland Hill mú irú àṣà yìí wọ inú ẹ̀rí tí ó kó jọ nígbà tí ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀, Post Office Reform, jáde ní 1837. Ó ṣírò pé iye tí ó ń ná ilé ìfìwéránṣẹ́ ní tòótọ́ láti gbé lẹ́tà kan láti London dé Edinburgh kò ju ìdá kan nínú 36 pẹ́nì kan lọ. Ibi tí owó ń gbà jáde ni ọ́fíìsì, níbi tí a ti ń kọ owó lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àti ẹnu ọ̀nà, níbi tí a ti ń dúró gba owó tàbí tí a ti ń gbọ́ pé a kò gbà á. Ìmọ̀ràn tí ó mú wá ni pé kí ẹni tí ó kọ lẹ́tà san owó kí lẹ́tà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí owó náà sì jẹ́ ọ̀kan náà jákèjádò ilẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1840 ni owó ìfìwéránṣẹ́ di pẹ́nì kan, iye tí àwọn Yorùbá ayé ìjọba amúnisìn wá mọ̀ sí kọ́bọ̀ kan. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni sítáǹpù Penny Black bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A kò fi ipá mú ènìyàn láti san án ṣáájú, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a kò san owó rẹ̀ ṣáájú di pẹ́nì 2 fún olùgbà. Lọ́nà yìí ni ẹrù fi kúrò lórí olùgbà díẹ̀díẹ̀. Iye lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ fò láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 76 ní 1839 sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 169 ní 1840. Kíkọ̀ lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà nítorí owó kú ní ti lẹ́tà tí a ti san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí olúwa rẹ̀ ti kú, tí ó ti ṣí lọ, tàbí tí a ṣi àdírẹ́sì rẹ̀ kọ kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Pẹ́nì kan tí a san fún ọ̀nà kan ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ń fi rin ọ̀nà méjì.

4. Amẹ́ríkà: ilé àwọn òkú lẹ́tà

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba dá Dead Letter Office sílẹ̀ ní Washington ní 1825. Òkú lẹ́tà ni wọ́n pe ìwé tí kò rí olúwa rẹ̀, tí a kò sì mọ ẹni tí ó kọ ọ́. Títí di 1863, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà dé ẹnu ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú àwọn ìlú ńlá, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lọ béèrè bóyá lẹ́tà wọn ti dé. Lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà, a ó tẹ orúkọ olúwa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àdúgbò, ẹni tí ó bá sì wá gbà á lẹ́yìn náà yóò san owó díẹ̀ lé e nítorí ìkéde. Èyí fi hàn pé ẹrù olùgbà kò tíì kúrò pátápátá. Ẹni tí ó pẹ́ wá ni ó ń gbé e.

Àwọn tí a fi sí ẹnu iṣẹ́ òkú lẹ́tà ni ẹni tí a gbẹ́kẹ̀lé, nítorí wọ́n ń ṣí lẹ́tà, wọ́n sì ń rí owó àti ohun iyebíye nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin, a sì gba àwọn àlùfáà tí ó ti fẹ̀yìn tì síbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Patti Lyle Collins di olókìkí níbẹ̀ nítorí ó lè ka àdírẹ́sì tí a kọ ràdàràdà, kí ó sì fi ìmọ̀ rẹ̀ nípa ìlú, òpópónà àti èdè mọ ibi tí lẹ́tà ń lọ. Ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ènìyàn kan tí ó lo ìdajì wákàtí lórí lẹ́tà kan ti ná iye tí ó ju sítáǹpù ara lẹ́tà náà lọ fíìfíì.

Àtúnṣe tí ó rọrùn jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ wọn sí igun àpòòwé, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ pé kí a dá ìwé padà bí a kò bá rí olùgbà láàárín iye ọjọ́ kan. Lẹ́tà tí ó bá ní irú àkọlé yìí kò nílò láti dé Washington. Ìlú tí ó ti pàdánù ọ̀nà ni yóò ti yí padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́. Ìlà méjì tí a tẹ̀ sí igun àpòòwé gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ìwádìí. Àṣà tí gbogbo ayé ń lò lónìí, tí ẹnikẹ́ni kì í ronú sí mọ́, ni.

5. Bern, Èkó àti àpótí lẹ́tà

Láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, ìbéèrè náà tún le sí i. Bí lẹ́tà bá kúrò ní Jámánì lọ sí ilẹ̀ Faransé, tí olùgbà sì ti lọ sí Ítálì, ìjọba wo ni yóò gba owó, wo ni yóò sì ṣe iṣẹ́? Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 1874, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 22 fọwọ́ sí àdéhùn ní Bern, ní ilẹ̀ Switzerland, èyí tí ó bí ẹgbẹ́ tí a mọ̀ láti 1878 sí Universal Postal Union. Ìpilẹ̀ àdéhùn náà ni pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yóò tọ́jú owó sítáǹpù tí ó tà, kò ní pín in pẹ̀lú ẹlòmíràn. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé lẹ́tà kan sábà máa ń bí èsì kan, nítorí náà ẹrù yóò dọ́gba. Wọ́n tún fi kún un pé a kò ní gba àfikún owó lórí lẹ́tà tí a tún darí láàárín ẹgbẹ́ náà. Ìnáwó títún-ìwé-darí di ti gbogbo ẹgbẹ́.

Èrò pé lẹ́tà kan ń bí èsì kan bá lẹ́tà ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ mu. Kò bá ìwé òwò mu. Ìwé ìpolówó tí ilé iṣẹ́ kan rán sí ẹgbàárùn-ún ènìyàn kò bí ẹgbàárùn-ún èsì. Orílẹ̀-èdè tí ó ń gba ìwé ju bí ó ti ń rán an lọ ni ó ń gbé ẹrù náà. Ó di ọdún 1969, ní ìpàdé Tokyo, kí ẹgbẹ́ náà tó gbà pé kí orílẹ̀-èdè tí ó rán ìwé jù máa san owó fún èyí tí ó ń pín in.

Èkó ti ní ilé ìfìwéránṣẹ́ láti 1852, sítáǹpù tirẹ̀ sì jáde ní 1874, ọdún kan náà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Bern. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìwé ń gbà dé ọwọ́ olúwa rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá yàtọ̀ sí ti London. Nínú ìlú tí ọ̀pọ̀ ilé kò ní nọ́ńbà, agbo ilé, ọjà àti mọ́ṣáláṣí ni a fi ń júwe ibùgbé. Àwọn ènìyàn a máa gba lẹ́tà nípasẹ̀ ọ̀gá ilé ìwé, ilé ìjọsìn tàbí ilé iṣẹ́ tí ẹbí wọn wà. Àwọn oníṣòwò ní tiwọn háyà àpótí tàbí àpò lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó sì di àṣà kí P.O. Box tàbí P.M.B. wà lórí ìwé ilé iṣẹ́ gbogbo. Ohun tí àpótí yìí ṣe ni pé ó dá apá kan ẹrù padà sórí olùgbà. Olùgbà ni ó ń san owó àpótí lọ́dọọdún, òun náà ni ó ń rin ìrìn ìkẹyìn, láti ilé ìfìwéránṣẹ́ dé ilé. Àǹfààní tí ó rí gbà ni pé bí ó bá kó láti àdúgbò kan sí òmíràn nínú ìlú kan náà, kò sí ìwé kan tí a ó tún darí, nítorí àdírẹ́sì rẹ̀ kò yí padà.

6. Ìwé Samuel Johnson: ìnáwó tí kò sí nínú ìwé ìṣirò

Ìṣirò owó nìkan kò tó láti fi mọ ohun tí ìwé tí kò dé ń náni. Ìtàn Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ẹ̀rí lórí èyí. Àlùfáà Samuel Johnson, tí a bí ní Hastings ní Sierra Leone ní 1846, mọ ìnira ìránṣẹ́ dáadáa. Nígbà ogun Kírìjì, òun ni ó gbé ẹ̀bẹ̀ Aláàfin Adéyẹmí dé ọ̀dọ̀ ìjọba ní Èkó, nínú ìrìnàjò 1881 sí 1882. Ní 1886, òun àti Charles Phillips wà lára àwọn tí wọ́n rán láti parí ìjà. Ọkùnrin náà ti gbé ìwé gba àárín ogun, ìwé náà sì dé.

Ìwé tirẹ̀ ni kò dé. Ní 1897 ni ó parí ìtàn Yorùbá tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ láti ẹnu àwọn àgbà àti arọ́kin. Ní 1899, a fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, lọ béèrè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1900. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé ìwé ti sọnù sí ibì kan, wọn kò rí i, wọ́n sì ṣetán láti san owó rẹ̀. Samuel Johnson kú ní 1901 láìrí ìwé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé a ṣetán láti sanwó yẹ kí a dúró yẹ̀ wò. Ní ojú òwò, ìdáhùn tí ó péye ni: ohun kan sọnù lọ́wọ́ ẹni tí a fi í ṣọ́, ẹni náà ní òun yóò san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye wo ni a ó fi sí i? Iye ìwé àti tàdáwà kò tó nǹkan. Iye ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí wọ́n ti kú láàárín ìgbà tí a gbọ́ ọ lẹ́nu wọn àti ìgbà tí ó sọnù kò ní òǹkà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Obadiah kò tẹ́wọ́ gba owó rọ́pò ìwé. Ó kó àwọn àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì tún ìtàn náà kọ ní àárín iṣẹ́ ìṣègùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí gbà á.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916, ìwé tí a tún kọ náà tún wọ ojú omi. Ọkọ̀ Appam ni ó gbé e, ọkọ̀ ogun Jámánì tí a ń pè ní Möwe sì mú Appam ní agbami. Wọ́n wà á lọ sí etíkun Virginia ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ilẹ̀ náà sì ní láti dá ẹjọ́ ọkọ̀ náà ní 1917 kí ó tó padà sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó ni ín. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìdádúró ni ìdìpọ̀ ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ní 1921 ni The History of the Yorubas jáde. Obadiah ti kú ní 1920. Ìwé tí ó dá lórí ìtàn gbogbo ìran kan lo ọdún 22 láti ìgbà tí a kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ òǹkàwé, ẹni méjì tí ó kọ ọ́ kò sì sí láyé láti rí i.

Ọ̀nà méjèèjì tí ìwé yìí gbà ṣìnà kò rí bákan náà. Ti 1916, ogun ni ó fà á. Ìdìpọ̀ náà ní àdírẹ́sì, a sì tún un darí, ó pẹ́, ó dé. Ti 1899 ti dé ibi tí a rán an, inú ilé olùgbà ni ó ti sọnù. Kò sí sítáǹpù tàbí àdéhùn àgbáyé tí ó lè wo irú èyí sàn. Ẹ̀dà tí òǹkọ̀wé tọ́jú sílé nìkan ni ó gbà á là.

7. Lẹ́tà òwò lóde òní

Láti ìdajì kejì ọ̀rúndún ogún, ìwé òwò ni ó pọ̀ jù nínú àpò ìfìwéránṣẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè onílé iṣẹ́ ńlá. Amẹ́ríkà ni a ti lè rí ètò ìnáwó rẹ̀ kedere jù. Ọgbọ́n kan ti wà níbẹ̀ láti 1928: ètò ìwé èsì òwò, níbi tí ilé iṣẹ́ ti ń rán àpòòwé tí a kò lẹ sítáǹpù mọ́ sí oníbàárà, tí ó sì ń san owó kìkì èyí tí ó bá padà. Níhìn-ín, olùgbà tún padà di ẹni tí ń sanwó, ṣùgbọ́n ìfẹ́ inú rẹ̀ ni.

Ti ìwé tí kò ṣeé fi jíṣẹ́ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà onípò kìn-ín-ní ni a ń tún darí tàbí dá padà láìgba àfikún owó, nítorí ìnáwó náà ti wà nínú iye sítáǹpù gbogbo ènìyàn. Ìwé ìpolówó olówó pọ́ọ́kú kò ní ẹ̀tọ́ yìí. Bí kò bá bá olúwa rẹ̀, sísọnù ni a ó sọ ọ́ nù, àyàfi bí ilé iṣẹ́ tí ó rán an bá tẹ àṣẹ kan sí ara rẹ̀, bíi Return Service Requested tàbí Forwarding Service Requested. Bí ó bá béèrè pé kí a tún un darí, a ó gbé èyí tí ó ṣeé tún darí lọ láìgba owó. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tí a dá padà, ilé iṣẹ́ náà yóò san owó lẹ́tà onípò kìn-ín-ní ní ìlọ́po 2.472. Nọ́ńbà yìí ṣàjèjì sí etí, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro. Ìwé tí ó padà ni a fi ń gba owó ara rẹ̀ àti owó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ti tún darí lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn owó ìdápadà ni ìdènà tẹ̀ lé e. Àwọn nọ́ńbà àdúgbò tí a ń pè ní ZIP code bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Ní 1986, ilé ìfìwéránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn oníṣòwò fi orúkọ oníbàárà wọn wé àkọsílẹ̀ àwọn tí ó ti ṣí ibùgbé. Ẹni tí ó fẹ́ ẹ̀dínwó orí ìwé púpọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ìfiwéra yìí tàbí kí ó lo ọ̀nà mìíràn tí a fọwọ́ sí. Láti 2008, a dín àkókò tí ó lè fi sílẹ̀ ṣáájú ìfìwéránṣẹ́ kù láti ọjọ́ 185 sí ọjọ́ 95. Síbẹ̀, ní ọdún ìṣúná 2014, ìwé tí kò ṣeé fi jíṣẹ́ bí a ṣe kọ àdírẹ́sì rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 6 ní Amẹ́ríkà, ó sì ná ilé ìfìwéránṣẹ́ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.5 dọ́là. Àwọn òkú lẹ́tà kò kú tán.

8. Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá ní ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù níbi tí ó gbé wúwo. Ìtàn tí a tọpa rẹ̀ yìí jẹ́ ìtàn wíwá ẹlẹ́rù. Nígbà tí olùgbà jẹ́ ẹlẹ́rù, ó kọ lẹ́tà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tàbí kí ó sọ ọ́ di àrokò. Nígbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ jẹ́ ẹlẹ́rù, ó kọ́ ilé fún òkú lẹ́tà, ó sì gba àwọn ọlọ́gbọ́n tí ń ka ohun tí kò ṣeé kà. Nígbà tí ẹni tí ó rán ìwé di ẹlẹ́rù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún àkọsílẹ̀ oníbàárà rẹ̀ ṣe kí ó tó kọ àdírẹ́sì. Ìgbésẹ̀ kẹta yìí ni ó bá òwe ìránṣẹ́ mu jù, nítorí ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni ó mọ ibi tí ó rán ni, òun nìkan ni ó sì lè tún un wádìí kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílé.

Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn Johnson kọ́ni pé ìwé ìṣirò kò lè gba gbogbo àdánù. Ilé ìtẹ̀wé ti 1899 gbà láti san gbèsè tí ó mọ̀. Gbèsè tí kò mọ̀ ni Obadiah fi ọdún ayé rẹ̀ san. Nínú gbogbo ètò tí ayé ti ṣe lórí ìwé tí kò dé, láti orí pẹ́nì 2 ti 1840 dé orí ìlọ́po 2.472, kò sí èyí tí ó díwọ̀n irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà tí a tọ́jú sílé fi ṣe pàtàkì ju owó ìdápadà lọ fún ẹnikẹ́ni tí ó ń fi iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ránṣẹ́, yálà ojú omi ni ó gbà tàbí ojú afẹ́fẹ́.